Ẹ̀yìn Tẹlifíṣàn Tí Ẹnikẹ́ni Kò Rà

Ìbéèrè kan ti ń dà mí láàmú láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan: níbo ni ike ẹ̀yìn tẹlifíṣàn àtijọ́ ń gbà lọ? Tẹlifíṣàn fúnra rẹ̀, a mọ ọ̀nà tó ń tọ̀. Ẹni tó ń ti ọmọlanke káàkiri Lágere àti Sábó ní Ilé-Ifẹ̀, tó ń ké "Kọ̀ndẹ́mù! Kọ̀ndẹ́mù dà?", yóò fún onílé ní owó díẹ̀, yóò gbé e lọ. Bàbà inú rẹ̀ ní ẹni tó ń rà á. Irin ní tirẹ̀, alumíníọ̀mù ní tirẹ̀. Páńẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ ewé inú rẹ̀ ní oníbàárà tó ń tìtorí rẹ̀ wá láti Èkó. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá béèrè pé èló ni wọ́n ń ra kílò kan ike dúdú ńlá tó bo ẹ̀yìn tẹlifíṣàn náà, ńṣe ni wọn yóò máa wò yín.

Ohun tí kò níye kì í ní ẹni tí yóò ṣọ́ ọ. Òjé inú gíláàsì tẹlifíṣàn burú, a sì ti ń sọ ọ́ tipẹ́. Èéfín wáyà burú, gbogbo ẹni tó bá gba ẹ̀gbẹ́ ààtàn kọjá nírọ̀lẹ́ ló mọ̀. Ti ike yìí ni ẹnu kò kàn, bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun ló ń kó ẹrù tí erùpẹ̀ àti ẹrọ̀fọ̀ odò yóò rù fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn

Inú tẹlifíṣàn ẹlẹ́yìn ńlá máa ń gbóná, eruku a sì kún un bámú. Agbára iná tó ń lọ sí ara gíláàsì rẹ̀ lè ju 20,000 volt lọ. Ike tó bo gbogbo rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní HIPS tàbí ABS, inú epo rọ̀bì ni wọ́n ti mú un jáde. Bí iná bá kàn án lásán, yóò jó, yóò sì máa kán sílẹ̀ bó ṣe ń jó. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe é fi ń po kẹ́míkà adènà-iná mọ́ ọn. Ìdílé kẹ́míkà tí wọ́n lò jù nígbà náà ni PBDE. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní bromine ni agbára rẹ̀: tí ooru bá dé ìwọ̀n kan, bromine á já kúrò lára rẹ̀, á dá àwọn èròjà gbígbóná tó ń ti iná síwájú dúró, ọwọ́ iná á sì rọ̀. Nínú ike HIPS, irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní deca-BDE máa ń tó ìdá 10 sí 15 nínú 100 ìwọ̀n ike náà, kẹ́míkà mìíràn, antimony trioxide, díẹ̀ sì máa ń bá a rìn láti ràn án lọ́wọ́.

Iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é, ó ṣe é. Ilé tí kò jóná nítorí rẹ̀ pọ̀, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ibi tí wàhálà wà ni pé PBDE kò so mọ́ ike. Ó wà nínú rẹ̀ bí ẹ̀pà ṣe wà nínú gààrí: wọ́n jọ wà nínú abọ́ kan, wọn kò di ọ̀kan. Tí ike bá gbóná, tó bá gbó, tó bá fọ́, kẹ́míkà náà á bá eruku rẹ̀ jáde. Ti páńẹ́ẹ̀lì yàtọ̀ díẹ̀. Èyí tí wọ́n ń lò níbẹ̀ jù, TBBPA, wọ́n so ó mọ́ ara páńẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe é, kì í sì í tètè jáde àyàfi tí iná bá bá a.

Oríṣi PBDE tó lè wà jẹ́ 209, àmọ́ àdàlú mẹ́ta ni wọ́n tà lọ́jà: penta tó wọ inú fóòmù ìjókòó ilé àti ti ọkọ̀, octa tó wọ inú ABS, àti deca tó wọ inú HIPS. Àdéhùn Stockholm, àdéhùn àgbáyé lórí kẹ́míkà olóró tí kì í tètè parẹ́, tí Nàìjíríà fi òǹtẹ̀ lù ní 2004, fi penta àti octa sínú ìwé èèwọ̀ ní 2009, deca sì tẹ̀ lé wọn ní 2017. Ilẹ̀ Yúróòpù ti fi òpin sí i ṣáájú fún ẹ̀rọ tuntun: láti oṣù keje 2006 (2008 ni ti deca), PBDE inú ike ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú 1,000 lọ. Ẹ jẹ́ ká ronú síbi tí òfin yẹn ti àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ti ṣe ṣáájú rẹ̀ sí. Wọ́n di àlòkù, àlòkù sì di tòkunbọ̀. Ìwádìí tí United Nations University àti BCCC-Africa, ibùdó Àdéhùn Basel fún Áfíríkà tó wà ní Ìbàdàn, ṣe ní èbúté Èkó ní 2015 àti 2016 fi hàn pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ àlòkù ló ń wọlé lọ́dún kan. Ó kéré tán, 15,700 tọ́ọ̀nù nínú rẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ tó ti gúnlẹ̀. Inú ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni wọ́n kó púpọ̀ nínú wọn sí wá. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Oṣìbánjọ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn náà ti yẹ ike ẹ̀yìn tẹlifíṣàn àti ti kọ̀ǹpútà tó wà ní Nàìjíríà wò, wọ́n sì bá PBDE nínú wọn. Nítorí náà, pé ó wà láàárín wa kò tún jẹ́ àbá.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kékeré kan. Ká ní ike ẹ̀yìn tẹlifíṣàn kan wúwo tó kílò méjì, tí deca inú rẹ̀ sì jẹ́ ìdá 12 nínú 100. Gíráàmù 240 nìyẹn. Tí gbogbo rẹ̀ bá wọ inú ilẹ̀, ó tó láti fi mílígíráàmù kan kún kílò erùpẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú 240 tọ́ọ̀nù. Típà tó bá gbé tọ́ọ̀nù 20 yóò lọ yóò bọ̀ nígbà méjìlá kó tó kó erùpẹ̀ yẹn tán. Tẹlifíṣàn kan ṣoṣo mà ni.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ń yí padà

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé tẹlifíṣàn kan dé ọwọ́ ẹni tó ń tú u. Súkúrù ẹ̀yìn ni yóò kọ́kọ́ wò, mẹ́rin tàbí mẹ́fà. Tí súkúrù bá ti dípẹtà, òòlù ló kù. Ìgbà yẹn ni ike kọ́kọ́ ń fọ́ yángá, eruku tó sì ti wà nínú tẹlifíṣàn fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún a dà jáde. Eruku yẹn gan-an kún fún PBDE, nítorí ooru ti ń lé e jáde lára ike bọ̀ sára eruku láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́kọ́ tan ẹ̀rọ náà. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé èéfín nìkan ló léwu, pé ẹni tó ń tú ẹ̀rọ láìdáná ti bọ́. Kò tíì bọ́.

Lẹ́yìn èyí, yóò rọra kán ọrùn gíláàsì kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀. Ẹni tó bá kánjú lu ojú gíláàsì, àfọ́kù lè ta bá a lójú. Yóò wá fa yóòkù yọ, ìyẹn òrùka bàbà tó wà lọ́rùn gíláàsì, nítorí ibẹ̀ ni owó pọ̀ sí jù. Ó tún fa ìdìpọ̀ wáyà tó yí gíláàsì ká, ó gé wáyà iná, ó já páńẹ́ẹ̀lì. Fún ọwọ́ tó mọ iṣẹ́, gbogbo rẹ̀ kò gba àkókò.

Ní báyìí, ó ku gíláàsì, ike, àti wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́. Wáyà tó nípọn kò ní wàhálà, ọ̀bẹ lè bó o, bàbà tí wọ́n bó sì ń pa owó ju èyí tí iná ti sọ di dúdú lọ. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni ìṣòro. Èèyàn lè fi ọ̀sán gbáko bó o kó má rí bàbà tó kún ìkúùkù. Iná a sì ṣe é láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Iná náà nílò ohun tí yóò jó. Taya àtijọ́ wà nílẹ̀, fóòmù inú ògiri fíríìjì wà nílẹ̀, ike ẹ̀yìn tẹlifíṣàn tí kò níye náà wà níbẹ̀.

Ibí yìí ni mo fẹ́ ká dúró sí, torí kó tó di àsìkò yìí, ike náà ṣì jẹ́ ike. Ó ṣeé kó jọ, ó ṣeé wọ̀n, ó ṣeé tọ́jú sábẹ́ òrùlé. Lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ẹni tó tún lè kó o jọ mọ́.

Ike tó ní adènà-iná kì í fẹ́ gbaná, ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí taya bá ti ń jó lábẹ́ rẹ̀, yóò jó tipátipá, yóò sì jó láìjó tán. Bromine tó ń dá iná dúró kò jẹ́ kí ooru pọ̀ tó láti jó o di eérú pátápátá, nítorí náà èéfín rẹ̀ dúdú ju ti ike lásán lọ, iyẹ̀fun dúdú tó ń jáde lára rẹ̀ sì pọ̀. Nínú èéfín yẹn, bromine ike pàdé chlorine tó wá láti ara awọ wáyà, torí pé PVC, ike tó ní chlorine nínú, ni awọ wáyà. Bàbà sì wà láàárín wọn. Bàbà gbígbóná wà lára àwọn ohun tó ń ti kẹ́míkà wọ̀nyí pọ̀ kíákíá jù, kí wọ́n lè di dioxin àti furan, àwọn kẹ́míkà olóró. Láàárín 200 sí 450 ìwọ̀n Sẹ́síọ̀sì ni iṣẹ́ yẹn ti ń yá jù, ìyẹn etí iná níbi tó ti ń jó lábẹ́lẹ̀, àti inú èéfín bó ṣe ń tutù. Ti PBDE tilẹ̀ rọrùn, nítorí ìrísí rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí ti furan tó ní bromine nínú.

Ilé iṣẹ́ tó ń sun pàǹtírí lábẹ́ òfin Yúróòpù gbọ́dọ̀ mú èéfín dé 850 ìwọ̀n Sẹ́síọ̀sì fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì ó kéré tán. Tí pàǹtírí eléwu bá ní ohun tó ju ìdá kan nínú 100 lọ nínú irú èròjà bíi chlorine àti bromine yìí, 1,100 ni. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá mú un tutù wàràwàrà kó má bàa dúró pẹ́ láàárín 450 sí 200. Iná orí ààtàn kò mọ ọ̀kankan nínú èyí. Ńṣe ló ń ṣe gbogbo rẹ̀ ní òdì kejì.

Nígbà tí iná bá kú, wọ́n á da omi sí wáyà kó lè tutù, wọ́n á gbọn eérú kúrò lára bàbà, wọ́n á kó bàbà lọ. Omi tí wọ́n dà ti gbé eérú wọ ilẹ̀. PBDE tí kò jó, dioxin tuntun, òjé àti antimony, gbogbo wọn wà nínú eérú yẹn.

Odò kò ní yí àwọ̀

Àwa tí a wà ní Ọ̀ṣun mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí odò bá yí àwọ̀. Nígbà tí iṣẹ́ àwọn tó ń wa góòlù ní agbègbè Iléṣà sọ omi Ọ̀ṣun di pupa bí ẹrẹ̀, gbogbo ayé rí i, ariwo sì ta. PBDE kò ní ṣe wá bẹ́ẹ̀. Ó kórìíra omi, ọ̀rá ló fẹ́. Bí ó bá ti bọ́ sínú odò, yóò lẹ̀ mọ́ ẹrẹ̀ tó kúnná àti ewé jíjẹrà, yóò sì bá wọn rì. Ẹni tó bá bu omi odò sínú ìgò lọ yẹ̀ wò, tí wọ́n ní kò sí nǹkan nínú rẹ̀, ó lè jẹ́ pé òótọ́ ni wọ́n sọ fún un. Omi ló yẹ̀ wò, kò yẹ odò wò. Àwọn àgbà ní omi tí èèyàn máa mu kò ní ṣàn kọjá rẹ̀. Eléyìí kò tilẹ̀ ṣàn, ìsàlẹ̀ ló jókòó sí.

Ọ̀nà tó ń gbà dé odò kò lè rúni lójú ní Ifẹ̀. Òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún tó nǹkan bí 1,400 mílímítà, àwọn òjò àkọ́rọ̀ sì ni wọ́n ń gbá eérú àti eruku ọ̀gbẹlẹ̀ lọ sínú gọ́tà. Gọ́tà ń lọ sí odò Ẹ̀sìnmìrìn, omi Ẹ̀sìnmìrìn ń lọ sí odò Ọ̀pá, wọ́n sì ti sé Ọ̀pá mọ́ láti 1978 kí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lè máa rí omi lò. Ibi tí omi bá ti dúró, ibẹ̀ ni ẹrẹ̀ kíkúnná ń rì sí, bí gbogbo adágún tí wọ́n sé ṣe ń rí nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ìlú ń fọ̀ sínú odò, kó lọ sí ìsàlẹ̀ adágún àti kọ̀rọ̀ odò tí omi kò ti sáré.

Bí wọ́n ṣe ń mú ẹrẹ̀ náà ṣe pàtàkì, torí iṣẹ́ púpọ̀ ń bàjẹ́ níbẹ̀ kó tó dé yàrá àyẹ̀wò. Wọn kì í fi ike bù ú, wọn kì í sì í kó o sínú ọ̀rá, nítorí ike fúnra rẹ̀ lè ní ohun tí wọ́n ń wá. Ṣíbí irin ni, àti ìgò gíláàsì aláwọ̀ ilẹ̀, tàbí fóìlì alumíníọ̀mù tí wọ́n ti fọ̀ dáadáa. Ti erùpẹ̀, sẹ̀ǹtímítà márùn-ún àkọ́kọ́ ló tó, torí kẹ́míkà yìí kì í tètè wọlẹ̀ jìn. Oòrùn kò gbọ́dọ̀ pa á, inú yìnyín ló yẹ kó wà títí yóò fi délé. Nínú yàrá àyẹ̀wò, ẹ̀rọ GC-MS, tó ń ya kẹ́míkà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tó sì ń dá wọn mọ̀, ni wọ́n ń lò, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrú, bíi mítà 15, nítorí deca máa ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí ó bá pẹ́ nínú ooru ọ̀pá gígùn. Bí wọ́n bá lo ọ̀pá gígùn, èsì yóò ní deca kò sí, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ ló jẹ ẹ́. Ẹ̀rọ XRF alágbèéká tí wọ́n ń nà sí ike yára, ṣùgbọ́n iye bromine nìkan ló lè sọ. Irú kẹ́míkà tí bromine náà wà nínú rẹ̀ kò yé e.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó ń ta deca fi tu ayé nínú fún ọ̀pọ̀ ọdún: wọ́n ní ó tóbi jù láti wọ inú ara ẹ̀dá. Ó sì tóbi lóòótọ́, bromine mẹ́wàá ló wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n oòrùn máa ń já bromine kúrò lára rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò sì di àwọn kéékèèké tó máa ń tètè wọ ọ̀rá ara ẹja, tí wọ́n sì ń ti ara ẹja kékeré bọ́ sára ńlá. Oòrùn kò sì wọ́n wa.

Ilẹ̀ tó lọ́ràá

Ẹni tó bá dàgbà nílẹ̀ Yorùbá mọ̀ pé kò sí ilẹ̀ tí àgbàdo ń ṣe dáadáa sí bí ilẹ̀ ààtàn. Tẹ̀tẹ̀ ń hù níbẹ̀ láìbẹ̀ ẹ́, tòmátì ń so. Àwọn kan tilẹ̀ ń wa ilẹ̀ ààtàn kó lọ sí oko ẹ̀fọ́ létí odò. Ọgbọ́n yìí bọ́ sí i nígbà tó jẹ́ èèpo iṣu àti eérú igi ni ààtàn ń jẹ. Ohun tó mú ilẹ̀ ààtàn lọ́ràá, ìyẹn ewé àti oúnjẹ jíjẹrà, ohun kan náà ni PBDE ń lẹ̀ mọ́. Ilẹ̀ tó lọ́ràá jù ló ń dì í mú jù.

Àwọn ohun ọ̀gbìn kì í fi bẹ́ẹ̀ fà á mu láti ìsàlẹ̀. Eruku tó bà lé ewé ló pọ̀ jù lára wọn, fífọ̀ sì ń mú púpọ̀ nínú rẹ̀ kúrò. Ìdílé elégédé ni mo ń ṣọ́ra fún, torí àwọn ni wọ́n mọ̀ fún fífa irú kẹ́míkà olóríkunkun báyìí láti gbòǹgbò wọn lọ sókè ju àwọn tó kù lọ. Mi ò ní gbin elégédé sí ibi tí wọ́n ti sun wáyà rí.

Adìẹ ni olórí ọ̀rọ̀. "Adìẹ ń jẹ ọkà, ó ń mu omi, ó ń gbé òkúta wẹ́wẹ́ mì, ó ní òun kò léyín." Òkúta wẹ́wẹ́ yẹn ni ilẹ̀ fi ń bá a wọlé. Adìẹ ìbílẹ̀ tó ń jẹ̀ káàkiri ń gbé erùpẹ̀ mì lójoojúmọ́, ohun tó fẹ́ràn ọ̀rá nínú erùpẹ̀ yẹn á sì lọ jókòó sínú pupa ẹyin. Ní 2019, àwọn àjọ IPEN àti Basel Action Network gbé àbájáde ẹyin adìẹ tó ń jẹ̀ ní Agbogbloshie jáde, ibi tí wọ́n ti ń tú ẹ̀rọ ní Accra nígbà náà. Àgbàlagbà tó bá jẹ ẹyin kan ṣoṣo níbẹ̀ ti jẹ dioxin tó fi ìlọ́po 220 ju èyí tí Yúróòpù gbà kí èèyàn jẹ lóòjọ́ lọ. Ẹni tó bá ń fi àfọ́kù ẹ̀yìn tẹlifíṣàn ṣe ọpọ́n oúnjẹ adìẹ, ẹ bá mi sọ fún un.

Ti ọmọdé kò jìnnà sí ti adìẹ, torí ọwọ́ wọn kì í kúrò nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í kúrò lẹ́nu. PBDE fara jọ hòmóònù tí ẹṣẹ́ ọrùn ń ṣe, ìyẹn ẹṣẹ́ tó máa ń wú tí gẹ̀gẹ̀ bá yọ, hòmóònù yẹn ló sì ń darí bí ọpọlọ ọmọ ṣe ń dàgbà láti inú oyún. Ó ń gba inú wàrà ọmú pẹ̀lú. Ní Sweden, wàrà ọmú tí wọ́n tọ́jú láti 1972 sí 1997 fi hàn pé PBDE inú rẹ̀ ń di ìlọ́po méjì ní ọdún márùn-ún márùn-ún. Ìgbà tí wọ́n jáwọ́ nínú penta ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Èyí tó yẹ kó ba ni lẹ́rù ni ti Michigan ní Amẹ́ríkà. Ní 1973, wọ́n ṣèèṣì fi adènà-iná kan tó jẹ́ ìbátan PBDE, tí wọ́n ń pè ní PBB, sínú oúnjẹ màlúù. Nǹkan bí 30,000 màlúù àti mílíọ̀nù kan àbọ̀ adìẹ ni wọ́n pa dànù. Ó lé ní ogójì ọdún lẹ́yìn náà tí wọ́n ṣì ń rí i nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ibẹ̀.

Ó yẹ kí ẹni tó bá ń gbé ní Ifẹ̀ mọ bí ilẹ̀ ṣe ń tọ́jú nǹkan sí. Ní Igbó Olókun, àwọn awalẹ̀pìtàn wa ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì tó lé ní 12,000 jáde, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí àwọn baba ńlá wa fi yọ́ gíláàsì ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Pàǹtírí iṣẹ́ ọwọ́ ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn yẹn fi iyì sílẹ̀ nínú pàǹtírí wọn, kò sì pa adìẹ ẹnikẹ́ni lára.

Iyọ̀, báràlì àti ẹni tí yóò sanwó

Yíya ike tó léwu sọ́tọ̀ kò gba ẹ̀rọ olówó ńlá. Ike HIPS àti ABS tí kò ní bromine fúyẹ́: ìwọ̀n ìkì rẹ̀, ìyẹn ìwúwo rẹ̀ tí a bá fi wé omi, kò ju nǹkan bí 1.07 lọ. Èyí tí wọ́n po adènà-iná yìí mọ́ a máa dé 1.15 lọ sókè. Nítorí náà, omi iyọ̀ tí ìkì rẹ̀ jẹ́ 1.10 yóò yà wọ́n: tire á léfòó, tìkà á rì. Gíráàmù 160 iyọ̀ sí lítà omi kan ló ń fúnni ní ìwọ̀n yẹn. Fún báràlì tó gba 100 lítà omi, kílò 16 ni. Kò sì dìgbà tí èèyàn bá ra irinṣẹ́ tuntun láti fi wọ̀n ọ́n. Hàìdìrómítà tí àwọn tó ń ṣe báttìrì ọkọ̀ ń lò máa ń ní àmì 1.100 nísàlẹ̀.

Ó ní bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é. Kí wọ́n yọ súkúrù, irin, fóòmù àti ìwé tó lẹ̀ mọ́ ike kúrò. Kí wọ́n gé ike náà tó bí àtàǹpàkò, gígé ni o, kí wọ́n má lọ̀ ọ́ ní gbígbẹ, nítorí eruku. Kí wọ́n kán ọṣẹ díẹ̀ sómi, torí èéfó afẹ́fẹ́ tó bá lẹ̀ mọ́ ike eléwu lè gbé e léfòó bí ẹni rere. Kí wọ́n rò ó, kí wọ́n dúró fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, kí wọ́n wá kó èyí tó léfòó. Èyí tó léfòó yẹn ni kí wọ́n fi omi lásán ṣan, kí wọ́n tà fún àwọn tó ń lọ ike, torí ó níye lórí. Tí omi bá ń dín kù, kí wọ́n tún un wọ̀n, torí omi tí iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù yóò gbé ike eléwu léfòó.

Ọ̀nà yìí a máa ṣìnà, ṣùgbọ́n ìhà tó dára ló sábà ń ṣìnà sí. PVC yóò rì, ike tí wọ́n po ẹfun tàbí gíláàsì mọ́ yóò rì, ike PC/ABS tuntun tí adènà-iná rẹ̀ kì í ṣe bromine náà á rì. Ó sàn kí ike rere díẹ̀ bá ti búburú lọ ju kí búburú wọ inú ọjà. Bó ṣe ń wọ ọjà kì í ṣe àlá: ní Yúróòpù, wọ́n ti rí deca nínú ohun ìṣeré ọmọdé àti ṣíbí dúdú tí wọ́n fi ń dáná, torí ike ẹ̀rọ àtijọ́ ni wọ́n yọ́ ṣe é. Báràlì náà kò gbọdọ̀ wà nítòsí kànga, omi àti ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ bọ́ sí gọ́tà. Kí oòrùn fa omi náà gbẹ nínú ọpọ́n, kí wọ́n gba ohun tó kù sínú àpò ike tó rì.

Ike tó rì wá ńkọ́? Títọ́jú rẹ̀ sábẹ́ òrùlé, lórí sìmẹ́ńtì, níbi tí òjò àti oòrùn kò ti ní bá a, ni ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́. Iná tó lè pa kẹ́míkà inú rẹ̀ run wà nínú ààrò ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì, tó ń mú òkúta gbóná dé nǹkan bí 1,450 ìwọ̀n Sẹ́síọ̀sì. Ewékorò àti Ṣágámù ní irú ààrò bẹ́ẹ̀, wọn kò sì jìnnà jù sí Ifẹ̀ fún ọkọ̀ akẹ́rù. Pé kí wọ́n gbà á, kí wọ́n sì wọ̀n bromine rẹ̀ kó má ba ààrò wọn jẹ́, ìyẹn di ọ̀rọ̀ àdéhùn láàárín wọn àti ìjọba. Òfin kò sì ṣàìsí. Láti 2011 ni òfin lórí ẹ̀rọ iná àti ẹ̀rọ ayárabíàṣá, tí NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òfin àyíká, ń mójú tó, ti gbé ẹrù pàǹtírí lé èjìká àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ àti àwọn tó ń kó o wọlé, wọ́n sì dá EPRON, àjọ àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ, sílẹ̀ ní 2018 kí owó tí wọ́n máa san lórí pàǹtírí náà lè ní ibi tí yóò máa gbà.

Kókó rẹ̀ ni pé owó yẹn gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ti ọmọlanke. Ní Agbogbloshie, wọ́n kó ẹ̀rọ abówáyà lọ ní 2014, iṣẹ́ náà sì dára fún wáyà nínípọn. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ṣì ń sun nígbà náà. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí wọ́n ra wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí iná kò kàn ní iye tó ga ju ti bàbà jíjóná inú rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n kí ẹni tó bá fẹ́ tà á gbé ike ẹ̀yìn ẹ̀rọ dání kó tó gbowó. Kílò wáyà kan, ẹ̀yìn tẹlifíṣàn méjì, bí wọ́n bá ṣe fẹ́ pín in. Ẹni tó bá ti sun ike rẹ̀ kò ní rí wáyà tà níbẹ̀. Owó ọwọ́ sì ni kó jẹ́, lójú ẹsẹ̀, torí kò sí alákọ̀ndẹ́mù tó lè dúró de ìparí oṣù.